Orírun Ọ̀rọ̀ Kan: Aláàwẹ̀

Ní ọdún 2079, ní ìlú Ìlọrà, èmi Tìmílẹ́yìn Arówólò ni alábòójútó ilé oúnjẹ kan. Èmi ni mo sì ń tún èdè àwọn òṣìṣẹ́ ṣe. Lára ògiri ni àpótí ẹ̀rọ kan wà, tí í sọ ìtumọ̀ àti orírun ẹnà tí àwa òṣìṣẹ́ ń sọ láàárín ara wa fún oníbàárà tí ó bá béèrè.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Adétoun, agbáwo wa, kígbe sí ilé ìdáná pé, “Aláàwẹ̀ kan, tábìlì kẹta!”

Ìyá àgbà tí ó jókòó níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, n ò gbààwẹ̀ o, ebi ló gbé mi wá. Àpótí, kí ni wọ́n ń pè ní aláàwẹ̀?”

“Ẹni tí kò lówó ẹran.”

Ìyá náà fa ìborùn bo ojú.

Mo yíjú sí Adétoun. “Ta ni ó kọ́ ọ ní irú èébú yìí?”

Ó wò mí títí, ó sì tẹrí ba.

“Ẹ má bá a wí, ọ̀gá,” ni ìyá náà wí. “Àpótí, ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́?”

Ojú tì mí kí àpótí tó dáhùn.

“Tìmílẹ́yìn Arówólò, alábòójútó.”