Ilẹ̀kùn Tí Ọnarébù Kọ̀ Láti Tún Ṣe

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á parí, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí ipò ń pa bí ọtí.

1.
Ọnarébù kan wà nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ẹnu-Dùn. Ẹnu rẹ̀ dùn lóòótọ́, àmọ́ inú rẹ̀ ṣókùnkùn. Nọ́ọ̀sì kan, tí òun náà jẹ́ aṣòfin, ló mú un wọnú òṣèlú. Nígbà tí Ẹnu-Dùn ò ní nǹkan kan, ilé màmá nọ́ọ̀sì yìí ló ti ń jẹun. "Ẹ̀gbọ́n mi" ló máa ń pè é.

Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni alága ìgbìmọ̀ ìṣúná, ojú Ẹnu-Dùn sì wà lára àga yẹn. Ló bá gbé àbá tuntun wá: lẹ́yìn ìsinmi ráńpẹ́, Olórí Ilé yóò máa pe orúkọ gbogbo aṣòfin. Ẹni tí wọ́n bá pè lẹ́ẹ̀mẹta tí kò dáhùn, tí kò sì ránṣẹ́, ti pàdánù ipò rẹ̀ nílé aṣòfin nìyẹn, kò sí ẹ̀bẹ̀. Olórí Ilé lu òòlù, ó di òfin.

2.
Kò pẹ́ ni àìsàn dá màmá nọ́ọ̀sì dùbúlẹ̀. Nọ́ọ̀sì fóònù Ẹnu-Dùn láti ọsibítù.

"Àbúrò mi, mi ò lè fi màmá sílẹ̀. Bá mi sọ fún Olórí Ilé."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé màmá yín kì í ṣe màmá mi ni?"

Ọ̀dàlẹ̀! Nígbà tí wọ́n pe orúkọ nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mẹta, tí Olórí Ilé béèrè bóyá ó ránṣẹ́, Ẹnu-Dùn dìde, ó tún táì rẹ̀ ṣe. "Kò rán ẹnikẹ́ni o. Òfin ò sì mọ ìyá, òfin ò mọ bàbá."

Rédíò ń gbé ìjókòó náà sáfẹ́fẹ́, ó sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá. Màmá gbọ́ ohùn náà.

"Ṣé kì í ṣe ọmọ tó máa ń wá jẹun nílé wa nìyẹn?"

Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn láyé nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ gbé e rò wò.

3.
Nọ́ọ̀sì pàdánù ipò rẹ̀, Ẹnu-Dùn sì di alága. Wọ́n tún fi àtúnṣe ilé aṣòfin sábẹ́ rẹ̀. Owó tó yẹ kó fi tún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe, àga aláwọ tó ń yí bírí ló fi rà sí ọ́fíìsì. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti bàjẹ́: téèyàn bá pa á dé, láti ìta nìkan ló ṣeé ṣí.

"Ẹ máa fi bíríkì tì í kó má baà pa dé," ló sọ fún wọn, ó sì ń yí bírí lọ.

Nọ́ọ̀sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó ríṣẹ́ sí yàrá ìtọ́jú tó wà nínú ilé aṣòfin náà, nítòsí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó máa ń kí Ẹnu-Dùn dáadáa. Ẹnu-Dùn rò pé ó ti gbàgbé. Ó gbàgbé kẹ̀!

4.
Lọ́jọ́ kan, nígbà ìsinmi ráńpẹ́, Ẹnu-Dùn wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Èèyàn ńlá ò lè ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, ló bá fẹsẹ̀ ta bíríkì dànù. Fóònù rẹ̀ wà nínú gbọ̀ngàn. Nígbà tó fẹ́ jáde, ilẹ̀kùn kọ̀. Ó sì ń gbọ́ Olórí Ilé nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn: wọ́n ti ń pe orúkọ.

"Ta ló wà níta? Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi!"

"Èmi ni, àbúrò mi."

Ara rẹ̀ balẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ ṣí i, àbí kí ẹ sáré lọ sọ fún wọn pé mo wà níbí!"

"Fọkàn balẹ̀."

Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kan. Ó bú sẹ́kún. "Ẹ ṣàánú mi nítorí màmá!"

"Màmá wo? Ṣebí òfin ò mọ ìyá."

Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ó ń fi èjìká gbá ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì ò mira. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Olórí Ilé béèrè bóyá ó ránṣẹ́. Òòlù dún.

Ìgbà náà ni nọ́ọ̀sì ṣílẹ̀kùn, jẹ́jẹ́.

"Ó yá, àbúrò mi. Máa lọ jẹun nílé ẹ."

Àwọn kan ní nọ́ọ̀sì ì bá ti ṣàánú rẹ̀. Èmi ò sí nínú wọn, inú mi dùn dé gongo. Ẹ̀yin tí ẹ wà nípò, ìkìlọ̀ rèé: ẹ má ṣe òfin tí ẹ ò ní fẹ́ kí wọ́n fi mú yín. Ẹ má da ẹni tó bọ́ yín. Ìwọ tí o sì ti dalẹ̀ ẹnìkan, tí ẹni náà ṣì ń kí ọ dáadáa, má rò pé ó ti gbàgbé.