Kọ̀ǹpútà Màmá Tún Ti Yarí

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí abọ́ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ ni fóònù dún. Kò wo ẹni tó ń pè kí ó tó gbé e.

"Ọkọ mi, kọ̀ǹpútà yìí tún ti yarí o."

"Ẹ káàsán, Màmá. Kí ló ṣe lónìí?"

"Gbogbo ohun tó wà lójú rẹ̀ ló dorí kodò. Bí mo bá fẹ́ kà á, àfi kí n da òun fúnra rẹ̀ dé bí ìkòkò."

Ó ní kí Màmá tẹ ibí, Màmá tẹ ọ̀hún. Ó ní kí ó padà sẹ́yìn, Màmá ní ẹ̀yìn wo. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọjá kí ojú kọ̀ǹpútà tó dúró dáadáa. Màmá dúpẹ́ bí ẹni tí wọ́n fà yọ nínú kànga. Ó wá béèrè bóyá ẹsẹ̀ ìyàwó ṣì ń ro ó, bóyá ọ̀gá tó ń fi imú sọ̀rọ̀ ṣì wà níbi iṣẹ́, àti bóyá bàtà tó rà lọ́jọ́ Ẹtì ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fi dágbére, oúnjẹ ti tutù.

Aránṣọ ni Màmá, kí ojú tó ní òun ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Láti ìgbà tí Bàbá ti kú ló ti ń dá gbé, ní ìrìn wákàtí márùn-ún sí ibi tí ọmọ rẹ̀ ń gbé. Ọmọ yìí ló ra kọ̀ǹpútà náà fún un, kí ó lè máa fi rí ojú àwọn ọmọ-ọmọ. Kí ó tó rà á, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni òun àti Màmá ń bára wọn sọ̀rọ̀, ìyẹn náà kì í ju "ṣé àlàáfíà ni" lọ. Ní báyìí, ojoojúmọ́ ni. Lọ́jọ́ kan, gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ di èdè tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí kò gbọ́. Lọ́jọ́ mìíràn, ohùn obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun gbogbo tí Màmá bá tẹ̀ síta, kò sì dákẹ́.

Ó rán ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lọ wò ó. Ọkùnrin náà pè é padà, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ibi tí Màmá fọwọ́ bà yìí, ilẹ̀kùn márùn-ún lèèyàn máa ṣí kó tó débẹ̀. Ẹni tó bá ṣèèṣì débẹ̀, ó mà kú oríire o!"

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ ọ́ fún akẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ya àwòrán ilẹ̀. Ọmọ àdúgbò kan náà ni wọ́n. Ẹ̀yìnkùlé Màmá ni bàbá ayàwòrán ń gbé.

"Bàbá tèmi náà nìyẹn," ni ayàwòrán wí. "Àná ni tiwọn dorí kodò. Mo ṣàlàyé títí, ẹnu ń ro mí."

"Ọjọ́ orí ni."

"Kí ni à bá tún pè é?"

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ojú kọ̀ǹpútà tún dorí kodò. Sùúrù wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tán.

"Màmá, ẹ̀ẹ̀kẹfà rèé tí mo ń fi ohun kan ṣoṣo hàn yín! Ṣé ẹ kì í kọ ọ́ sílẹ̀ ni?"

"Má bínú, ọkọ mi," ni Màmá wí. "Lọ jẹun."

Kò lè jẹun. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ tán pátápátá kí ó tó fèsì.

"Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ohun àtijọ́ á dúró, ohun tí wọ́n kọ́ lánàá ni ò ní dúró. Ìwọ dúró di ìgbà tí wọ́n bá gbàgbé iná lórí sítóòfù."

"Kí ni ká ṣe?"

"Wọn ò gbọ́dọ̀ dá gbé mọ́. Mo mọ ilé ìtọ́jú àgbàlagbà kan. Yàrá wọn mọ́, fèrèsé wọn tóbi. Ìwọ ni kó o lọ bá wọn sọ ọ́, ìwọ ni wọ́n máa gbọ́ tìrẹ."

Ọjọ́rú ló lọ, kò sọ tẹ́lẹ̀. Fọ́ọ̀mù ilé ìtọ́jú wà nínú báàgì rẹ̀. Ibi ìfọwọ́sí nìkan ló kù. Nínú ọkọ̀, ó ń to ọ̀rọ̀ lẹ́nu: pé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ lé Màmá kúrò nílé, pé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni àwọn á máa wá. Ó mọ̀ pé irọ́ ni ti ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó yọ ọ́ kúrò, ó fi oṣooṣù sí i. Nígbà tó yá, ó yọ ìyẹn náà.

Ó ku díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n nígbà tó dé. Sálúbàtà kún ẹnu ọ̀nà bí ìgbà tí wọ́n bá wá kí olóòkú. Ó sáré dé ojú fèrèsé pálọ̀, ó sì dúró síbẹ̀, ọwọ́ lórí báàgì. Àwọn àgbàlagbà mẹ́sàn-án ló jókòó yíká, kọ̀ǹpútà lórí itan kálukú. Bàbá ayàwòrán ló wà níwájú pátápátá, ó ń kọ nǹkan sílẹ̀.

"Gbogbo wa ti dorí ojú kọ̀ǹpútà kodò tán, ó kù ká pe àwọn ọmọ," ni Màmá ń wí lórí ìdúró, ó ń fi rúlà ìránṣọ rẹ̀ tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, "ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń ṣàlàyé, ẹ rọra máa ṣì í tẹ̀ o, torí ẹni tó bá tètè mọ̀ ọ́n, ọmọ rẹ̀ á tètè gbé fóònù sílẹ̀."