Ohun Tí Alágbàfọ̀ Gbọ́

Ẹ fura o, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Bí ọ̀gá bá ń fẹ̀rín pè yín lórúkọ tí ẹ ò mọ̀, ẹ má tíì dáhùn.

Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì, tí kò gbọ́ Yorùbá rárá, yọjú sí yàrá ìfọṣọ. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún alágbàfọ̀, tó ń gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, pé kó wá síṣẹ́ lọ́la, ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Ó wá fi òmùgọ̀ kún un. Ohun tí obìnrin náà gbọ́ nìyẹn.

Ó ju aṣọ ibùsùn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó kọjú sí ọkùnrin tó ń lọṣọ, ògbufọ̀ wọn.

"Sọ fún un pé mi ò wá! Kó wo dígí dáadáa kó tó pe ẹlòmíì lómùgọ̀!"

Alọṣọ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra! Àmígò ló pè yín. Èdè Sípéènì ni, àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ló yá a fi ń ṣe fáàrí. Ọ̀rẹ́ ló túmọ̀ sí."

"Ọ̀rẹ́ kẹ̀?"

"Ọ̀rẹ́ ni."

"Ṣáà sọ fún un pé mi ò wá."

Alọṣọ túmọ̀ ìyẹn nìkan. Ojú ọ̀gá le koko.

Alágbàfọ̀ gbé báàgì rẹ̀. Ó wo ọ̀gá lójú kòrókòró, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ó dọ̀túnla, òmùgọ̀."

Ojú ọ̀gá tú ká. "Ọ̀kẹ́ẹ̀, àmígò!" Ó tún juwọ́ sí i.

Alọṣọ sá tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èwo gan-an lẹ pè é?"

Obìnrin náà juwọ́ sí i, ó ń lọ.