Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀ Télọ̀

Lẹ́ẹ̀kẹta láàárín oṣù mẹ́sàn-án, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ télọ̀ dé, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ náà sì tún ti lé sí i. Ìyàwó rẹ̀ ka ìwé náà lórí ìdúró. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà.

Òun ló ń se oúnjẹ ọkọ rẹ̀, òun náà ló ń bù ú. Láti ọjọ́ tí dókítà ti dárúkọ kọlẹ́sítẹ́róòlù, bọ́tà ò wọ ilé náà mọ́. Ẹja bíbọ̀, ẹ̀wà àti ewébẹ̀ ni télọ̀ ń jẹ, òróró inú ọbẹ̀ rẹ̀ ò sì ju ṣíbí kan lọ. Ọkùnrin náà ti rù débi pé òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹ̀rọ dín ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀ mẹ́rin kù. Ẹni tó ń jẹ ìwọ̀nba báyìí tí ọ̀rá sì ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ibòmíràn ló ti ń jẹun.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni bàbá télọ̀ nígbà tí ọkàn rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀, tó sì ṣubú lulẹ̀ nídìí tábìlì tó fi ń gé aṣọ. Télọ̀ alára yóò pé ọgọ́ta lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀rù ń ba ìyàwó rẹ̀ gidigidi, ẹ̀rù náà sì ti ń di ìbínú.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọkọ rẹ̀. Tí ó bá ti ṣọ́ọ̀bù dé, á gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀. Ó tú àpò ẹ̀wù rẹ̀, bọ́tìnì méjì àti ègé ṣọ́ọ̀kì ló bá níbẹ̀. Ó lọ bá obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ìyẹn sì búra pé télọ̀ kì í rà ju omi lọ.

Ẹnì kan ló wá kù tí ó lè fura sí: àbúrò ọkọ rẹ̀, onígbàjámọ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, imú kan náà, iwájú orí kan náà tí irun ti sá kúrò. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, onígbàjámọ̀ ló máa ń wá fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ní kùtùkùtù, kí télọ̀ tó fi nǹkan kan sẹ́nu. Tí wọ́n bá dé, á yọ ẹyin tirẹ̀ nínú àpò, á ní kí ìyàwó bá òun dín in kíá, ebi ti fẹ́ pa òun.

"Ọkọ mi kékeré, ẹ̀yin lẹ ń fún un lẹ́yin jẹ," ni obìnrin náà wí lọ́jọ́ kan.

"Èmi kẹ̀? Ìyàwó wa, ẹ má purọ́ mọ́ mi." Onígbàjámọ̀ bu iyọ̀ sórí ẹyin rẹ̀. "Ẹyin gan-an ò tiẹ̀ lẹ́ṣẹ̀. Láyé ìjọ́sí, wọ́n ní ó ń pa èèyàn. Nígbà tó yá, wọ́n ní kò ṣe nǹkan kan. Èwo ni ká wá gbà gbọ́? Mẹ́ta ni mò ń jẹ lójúmọ́, ara mi le koko."

"Dókítà ní ara ò jọra. Ohun tó bá ara ẹnì kan mu lè pa ẹlòmíì."

"Dókítà yẹn náà ń jẹ ẹ́ nílé ẹ̀!"

Télọ̀ gbájú mọ́ àwo ewébẹ̀ rẹ̀ bí ọmọ tó mọ ohun tó ṣe.

Nígbà tí àbúrò lọ tán, ìyàwó bá a ní ìdí iṣẹ́. "Bí ẹ bá ń jẹ nǹkan níta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi. Mi ò fẹ́ dá gbé ilé yìí."

"Mi ò jẹ nǹkan kan. Mo fi ìyá tó bí mi búra."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò lè wò mí lójú?"

Télọ̀ fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó fi gún ara rẹ̀ níka. Ẹ̀jẹ̀ yọ kíún. Ó yáa gbójú kúrò lára ẹ̀jẹ̀ náà, ó jókòó wọ̀ọ̀, òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wò ó, ó dá a lójú pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í làágùn báyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé, dókítà pè. Ó ní iye náà ti kọjá ohun tí oúnjẹ nìkan lè wò. Kí wọ́n wá tún ẹ̀jẹ̀ náà gbà lọ́jọ́ kejì. Bí ó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, òun yóò dá aláìsàn náà dúró sí ilé ìwòsàn.

"Lọ́tẹ̀ yìí, èmi náà ń bá yín lọ," ni ìyàwó wí.

Télọ̀ ní kò pọn dandan. Onígbàjámọ̀ ní ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ òun ti bàjẹ́. Obìnrin náà ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, ó jókòó sí ẹ̀yìn tí wọ́n ní ó bàjẹ́, kò sì rí ohun tó ṣe é.

Yàrá ìdúró ilé ìwòsàn náà ń rùn oògùn apakòkòrò. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ìyàwó láàárín. Télọ̀ ní òun fẹ́ tọ̀. Obìnrin náà dì í lọ́wọ́ mú. Onígbàjámọ̀ dìde, ó ní òun á dúró dè wọ́n nínú ọkọ̀.

"Ẹ jókòó," ni obìnrin náà wí. "Lónìí ni n ó mọ ẹni tó fẹ́ pa ọkọ mi."

Ọkùnrin tó ti ń gba ẹ̀jẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ jáde pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́, ó ka orúkọ télọ̀ sókè, ó gba iwájú télọ̀ kọjá, ó dúró ti onígbàjámọ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gá télọ̀, ẹ bá mi ká apá ẹ̀wù yín sókè bí ẹ ti máa ń ṣe, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yín yìí mà ti ń ba dókítà lẹ́rù."