Ibi Tí Ẹsẹ̀ Akàn Gbé E Lọ

Àlọ́ mi fẹ̀gbẹ́ rìn, ó fẹ̀gbẹ́ rìn, ó kan Akàn.

Àwọn ọmọ ẹranko parí ilé-ẹ̀kọ́. Kìnnìún ní kí oníkálukú rìn dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá tí yóò kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹni tó bá kùnà yóò máa ru ẹrù òun Kìnnìún títí ayé. Gbogbo wọn ń wo Ẹ̀gà tó ń hun ilé. Akàn náà tẹjú mọ́ ọn, ó rìn, ọ̀dọ̀ Òkété tó ń gbẹ́ ihò ló já sí. Ó padà, ó tún rìn, Òkété náà ni. Orí rẹ̀ dàrú.

Lílé: Ẹsẹ̀ mi, ibo là ń lọ?
Ègbè: Wọ́kọ wọ̀kọ.
Lílé: Ẹ̀gà ni mo dojú kọ.
Ègbè: Wọ́kọ wọ̀kọ.

Òkété ní, "Ọmọ yìí, ẹ̀ẹ̀mejì lo dé ilé mi, o ò kí mi!"

"Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ̀gà ni gbogbo ayé ń wò."

"Ọwọ́ rẹ ńkọ́, kí ló ń ṣe?"

Akàn wolẹ̀. Láìmọ̀, ó ti gbẹ́ ihò dé orúnkún. "N kò tíì mọ̀ bóyá èyí ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò fẹ́ kúrò."

Kìnnìún bú ramúramù: "Ẹ̀gà ló dojú kọ! Kó wá gbẹ́rù mi!"

Òkété dáhùn: "Kábíyèsí, ẹ ní kó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Ẹ ò sọ pé ojú ni kó fi rìn."

Gbogbo ẹranko hó yèè. Kìnnìún fúnra rẹ̀ ló ru ẹrù rẹ̀ lọ sílé.