Òkété Tó Fi Yàrá Méje Yangàn

Àlọ́ mi gbéra, ó fo igbó, ó balẹ̀ sẹ́nu ihò Òkété.

Yàrá kan ṣoṣo ni Òkété ní, agbọ̀n ẹyìn kan ló sì ń san fọ́ba ẹranko lọ́dọọdún bí owó orí ilé. Nígbà tó yá, ó gbẹ́ yàrá mẹ́fà kún un, ó sì rẹ́ ilẹ̀ wọn. Ọ̀yà, aládùúgbò rẹ̀, kìlọ̀ fún un: "Ọ̀rẹ́, Ìjímèrè tó ń díye lé ilé fọ́ba ń kọjá lónìí. Bí kò bá bi ọ́, má ṣe fọ́nnu o."

Òkété ò gbọ́. Bó ti fojú kan Ìjímèrè, orin ló bú sí:

"Ẹ yà wálé mi, ẹ wá wò ó.
Jọ̀lọ̀-jọ̀lọ̀!
Yàrá méje, ilẹ̀ ń dán gbinrin.
Jọ̀lọ̀-jọ̀lọ̀!"

Ìjímèrè wọlé, ó ń yin yàrá kọ̀ọ̀kan, inú Òkété ń dùn ṣìnkìn. Nígbà tó jáde, ó ní, "Ilé yìí dára. Agbọ̀n méje ni ọdọọdún."

Òkété bẹ́ wọlé. Kíá ló fi erùpẹ̀ dí yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pa, ó sì sáré lé Ìjímèrè bá. "Bàbá, ẹ padà wá wò ó! Yàrá kan ló kù!"

Ìjímèrè rẹ́rìn-ín. "Mo ti díye lé e ná. Ó di ọdún tó ń bọ̀ kí n tó tún padà wá."

Òkété san agbọ̀n méje, ó wá ká jọ sínú yàrá kan, òun àtìyàwó àtọmọ mẹ́sàn-án. Aláṣehàn! Ó fẹ́ gba ìyìn ilé ńlá, kó san owó ahéré.

Ibẹ̀ ni mo fi í sí kí n tó wá pàlọ́ fún yín.