Ti Másítà àbí ti Dókítà?

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan jókòó ti Ìyá Hamdalah tó ń ta ẹ̀wà ní Shasha, ó tẹ fóònù rẹ̀ kó lè máa gba ohùn wọn sílẹ̀.

"Màmá, ìwádìí yunifásítì ni, lórí ìdàgbàsókè tí kò yọ mẹ̀kúnnù sílẹ̀."

"Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tún ti dé! Ti másítà ni àbí ti dókítà?"

"Ti másítà ni, mà."

"Ìyẹn ò le. Màá ní ìjọba ò rántí wa, ó parí. Ti dókítà ló ní ẹkún nínú."

Ojú ti akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ọ̀gá tó ń bójú tó ìwádìí rẹ̀ ti dá iṣẹ́ náà padà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ìyà tó wà nínú iṣẹ́ náà ò tíì tó. Síbẹ̀ ó pa fóònù.

"Màmá, òótọ́ ni mo fẹ́ gbọ́."

Obìnrin náà wò ó títí, ó sún mọ́ ọn. "Òótọ́ kẹ̀? Ẹnikẹ́ni ò bi mí rí. Fara balẹ̀ o, ọmọ mi, ọ̀rọ̀ gígùn ni, ẹ̀bi tiwa náà sì wà níbẹ̀."

Akẹ́kọ̀ọ́ náà rántí pé ọ̀la ni ọ̀gá rẹ̀ ń retí iṣẹ́ náà. Ó tún fóònù tẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Ẹ kúkú bá mi sun ẹkún ti dókítà yẹn."